Irọ́ Tí Léontine Pa Mọ́ Ìyá Àyìsátù

"Ẹ na apá yín! Kí ẹnikẹ́ni má fara kan ẹni tó wà níwájú rẹ̀!"

Músíyè Fọláyan, olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Pobè, ń lọ ó ń bọ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kìíní nínú kọlẹ́ẹ̀jì tuntun ìlú Kétu. Oṣù kẹwàá ni, ọdún kẹta lẹ́yìn tí ilẹ̀ Dahomey gba òmìnira. Ọ̀dà ara ilẹ̀kùn kò tíì gbẹ tán, ó sì ti ba aṣọ ọmọ méjì jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Iwájú pátápátá ni Léontine tò sí. Bàbá rẹ̀, Barnabé, ni nọ́ọ̀sì tí gbogbo Kétu ń pè ní dókítà. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé òun ni wọn yóò fi ṣe sẹ́ẹ̀fù kíláàsì, olórí gbogbo wọn. Òun gan-an ló tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Ó ti fi bí yóò ṣe máa lu agogo han Agathe ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti bí yóò ṣe máa wo àwọn tó bá pẹ́ dé.

Músíyè ka òfin fún wọn ní Faransé. Bí olùkọ́ bá wọlé, kí gbogbo wọn dìde. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó nawọ́. Kí agogo tó lù lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n ti gbálẹ̀, kí wọ́n sì ti kọ déètì sójú pátákó. Lẹ́yìn náà ló fa nǹkan kan yọ nínú àpò. Egungun àgbọ̀n ewúrẹ́ ni, wọ́n so okùn mọ́ ọn.

"Sínyàlì nìyí," ó ní. "Faransé nìkan la ń sọ nínú ọgbà yìí. Ẹni tó bá sọ èdè ilé, ọrùn rẹ̀ ni yóò wà, títí òun náà yóò fi gbá ẹlòmíì mú kó sì fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ sílé ni yóò gbá gbogbo ọgbà. Bó bá sì jẹ́ sẹ́ẹ̀fù kíláàsì ló kàn, ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n bá ilẹ̀ ní gbígbá, wọ́n bá pátákó ní nínù, gbogbo bẹ́ǹṣì sì tò gún régé.

"Ta ló ṣe èyí?" Músíyè béèrè.

Ẹnì kan nawọ́ lẹ́yìn. Àyìsátù ni, ọmọ Babalọlá àgbẹ̀ láti Idigny. Ó dìde, ó fi Faransé wí pé, "Èmi ni, Músíyè. Mo tètè dé, mo sì rí ìgbálẹ̀."

Músíyè tọ́ka sí i. "Sẹ́ẹ̀fù kíláàsì yín nìyí," ó wí. "Léontine ni igbákejì rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Léontine náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ lákòókò yẹn, kí Ọlọ́run má fi hàn wá. Ọmọ oko! Ọmọ tó ń fi ìka ka ìwé! Èyí tó dùn ún jù ni pé ilé wọn ni Àyìsátù ń gbé. Ejò bu Babalọlá jẹ nígbà kan, Barnabé ló tọ́jú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́. Nígbà tí kọlẹ́ẹ̀jì ṣí, Babalọlá gbé ọmọ rẹ̀ àti iṣu wá sílé Barnabé. Ẹní kan náà ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ń sùn lé, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ń jẹun.

"Sẹ́ẹ̀fù mi dé!" Marguerite, ìyá Léontine, kígbe lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Wá, jẹ́ n wọn èjìká ẹ. Sẹ́ẹ̀fù ò gbọdọ̀ wọ aṣọ tó ń já lapá. Léontine, bu omi wá fún un."

Ẹ̀fẹ̀ ni Marguerite ń ṣe, inú rẹ̀ ló dùn. Ṣùgbọ́n Léontine bu omi náà bí ẹni tó ń bu májèlé.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tí Àyìsátù ṣe tí kò bí Léontine nínú. Bó bá jí ṣáájú rẹ̀ láti pọnmi, ó ń ṣe ojú ayé ni. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìgbéraga ni. Bó bá dákẹ́, ó ń fẹlá ni. Lálẹ́, bí ọmọ ọlọ́mọ bá ti sùn, Léontine á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, á máa rò ó pé, "Kí ni wọ́n rí lára èyí?"

Ó sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan. Ìyá rẹ̀ ní kó wo bí Àyìsátù ti fọ ìkòkò, ó dáhùn pé, "Ẹ kúkú fi í ṣe ọmọ."

Marguerite gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Òjòwú kì í lẹ́ran láyà," ó ní. "Ọmọ mi, má jẹ́ n gbọ́ irú ẹ̀ mọ́."

Ó gbọ́, kò gbà.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Léontine gbún bẹ́ǹṣì nínú kíláàsì. "Yéè, ẹsẹ̀ mi!" ló ti ẹnu rẹ̀ bọ́, kí ó sì tó pa ẹnu dé, Agathe, tí sínyàlì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti bọ́ ọ, ó ti fi kọ́ ọ lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹlòmíì yóò ti máa wá ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì, orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí Léontine lọ́kàn. Ó ti egungun náà bọ abẹ́ aṣọ rẹ̀.

Nígbà ìsinmi, ó bá Àyìsátù lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí wọ́n so rìímù mọ́tò tí wọ́n ń lù bí agogo kọ́. Ó dẹ pàkúté oríṣiríṣi fún un. Ó yọ lẹ́yìn rẹ̀ lójijì, ó da omi sí i lẹ́sẹ̀, ó fi Faransé béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ọbẹ̀ ẹ̀wà nílé. Àyìsátù kàn ń rẹ́rìn-ín, Faransé rẹ̀ tí kò dán ló fi ń dá a lóhùn. Ìbínú ru bo Léontine lójú. Ó fajú ro bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn búburú, ó sì fara balẹ̀ yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Faransé:

"Àyìsátù, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Lẹ́yìn tó o ti jáde nílé láàárọ̀, awakọ̀ kan dé láti Idigny. Ó ní ìyá ẹ ṣubú lóko lánàá. Kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà náà."

Àyìsátù wò ó. Ó káwọ́ lérí.

"Yé! Ìyá mi o! Ìyá mi o!"

"Mo mú ẹ!" ni Léontine wí, ó sì fi sínyàlì kọ́ ọ lọ́rùn.

Ohun tó rò ni pé yóò wá sọ fún un pé eré lòun ń ṣe. Ṣùgbọ́n Àyìsátù kò dúró gbọ́. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà ọgbà jáde, ìwé rẹ̀ fọ́n sílẹ̀, egungun ń lu igbá àyà rẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà Idigny.

"Àyìsátù!" Léontine pè é lẹ́ẹ̀kan. Kò pè é sókè. Bó bá sáré tẹ̀ lé e, ìbá bá a kó tó kọjá ilé tó kẹ́yìn. Kò sáré. Àkókò agogo ti tó, ẹni tí yóò lù ú kò sì sí níbẹ̀. Ó mú irin, ó lu rìímù náà, ó sì dùn mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Sẹ́ẹ̀fù dà?" Músíyè béèrè nínú kíláàsì.

"Ó sọ Yorùbá, sínyàlì kàn án, ló bá sá lọ," Agathe dáhùn, ohun tó rí ló sọ.

Ojú Músíyè le. "Ó jáde lọ́gbà láìgbàṣẹ? Ó dáa. Léontine, ìwọ ni sẹ́ẹ̀fù láti òní."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Inú Léontine dùn, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó dùn títí di ìgbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí bẹ́ǹṣì Àyìsátù, tí ó rí i pé sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni ọmọ náà fi sáré lọ.

Nílé, Marguerite wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Sẹ́ẹ̀fù mi dà?"

"Ó lọ sí Idigny."

"Idigny? Kí ló dé?"

"Kò sọ fún mi," ni Léontine wí.

Barnabé gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó dé, ó ní àwọn tó ń ti oko bọ̀ rí ọmọbìnrin kan tó ń sunkún lọ, wọ́n pè é, kò dáhùn. "Yóò ti dé ilé báyìí," ó wí, ṣùgbọ́n kò dá a lójú. Léontine bu òkèlè àkọ́kọ́, ó dá a padà sínú abọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló gbálẹ̀ kíláàsì, òun ló kọ déètì, òun ló lu agogo. Músíyè kò tíì la ìwé rẹ̀ tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Babalọlá ni, òru ló ti gbéra, eruku bò ó dé orúnkún. Àyìsátù wà lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ewé kókò wà lọ́wọ́ bàbá náà, ó fi di nǹkan kan. Gbogbo kíláàsì dìde gẹ́gẹ́ bí òfin.

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà," Babalọlá wí. "Ẹ má bínú pé mo já lù yín." Ó tú ewé náà, ó na egungun inú rẹ̀ síwájú láìfọwọ́ kàn án. "Ta ló so èyí mọ́ ọmọ mi lọ́rùn?"

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, Músíyè wò ó, ó dákẹ́.

"Ìrọ̀lẹ́ àná lọmọ yìí wọlé," Babalọlá ń bá a lọ. "Ó ń ké pé ìyá òun kú o, egungun òkú ẹran lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tí à ń wí yìí ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, bó ti rí i bẹ́ẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀, kò mọ ibi tó wà mọ́. Omi la dà sí i lára kó tó lajú. Gbogbo agboolé ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe ọmọ mi ní Kétu. Àwọn àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kiní yìí."

Músíyè Fọláyan ti fi Faransé sílẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe oògùn. Ìyà ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tó bá sọ Yorùbá la ń fi kọ́ lọ́rùn."

"Kí ni ọmọ mi sọ?"

"Mo ní, 'Ìyá mi o,'" Àyìsátù dáhùn.

"Ẹni tó gbọ́ pé ìyá òun ń kú lọ," Babalọlá wí wọ́ọ́rọ́wọ́, "èdè wo lẹ fẹ́ kó fi ké?"

Olùkọ́ náà wolẹ̀. Ó kọjú sí Àyìsátù. "Ta ló sọ fún ẹ pé ara ìyá ẹ ò yá?"

Àyìsátù wo Léontine. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Léontine ti ń retí orúkọ ara rẹ̀.

"Awakọ̀ kan ni wọ́n ní ó wá," ni Àyìsátù wí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ká ní ó dárúkọ rẹ̀ ni, bóyá Léontine ìbá jiyàn. Ṣùgbọ́n bó ti bò ó láṣìírí yẹn, omijé kàn ń dà lójú rẹ̀ ni. Ó bọ́ síwájú, ó wá Faransé tì, kò rí ẹyọ kan.

"Èmi ni," ó fi Yorùbá wí. "Kò sí awakọ̀ kankan. Mo parọ́ ni. Mo ń jowú ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ, títí kan ìyá mi. Mo fẹ́ kí sínyàlì kàn án kí n lè di sẹ́ẹ̀fù."

Kò sẹ́ni tó rántí òfin èdè. Músíyè Fọláyan gba egungun náà, ó tì í bọ àpò, kò sì mú un jáde mọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó dá ipò padà fún Àyìsátù lójú gbogbo wọn, ó sì ní Léontine ni yóò máa gbá ọgbà títí ilé ẹ̀kọ́ yóò fi gba ìsinmi.

Gbígbá ọgbà kọ́ ni ìyà tó jẹ Léontine. Lọ́sàn-án, Babalọlá wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Marguerite tú gèlè orí rẹ̀, ó fi gbàjá, ó kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú ọkùnrin tó kéré sí ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí. "Bàbá Àyìsátù, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọdé ni. Ẹ má wo ti rẹ̀, ẹ wo tiwa."

"Ẹ dìde, Ìyá Léontine," Babalọlá wí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. "Mo ti forí jì í. Barnabé ló gba ẹ̀mí mi là, mi ò ní gbàgbé láéláé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè sùn mọ́ lórí ẹní ẹni tó fi ẹnu pa ìyá rẹ̀."

Ilé ìbátan rẹ̀ kan lẹ́bàá ẹnubodè àtijọ́ ló mú Àyìsátù lọ. Marguerite kò na Léontine. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. "Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà," ó wí nígbà tó yá. "Tìrẹ ti ba gbogbo wa."

Lọ́jọ́ ọjà kan, Léontine rí Àyìsátù níbi tí wọ́n ti ń ta ata. Kò sí olùkọ́ nítòsí, kò sí òfin. Yorùbá ni gbogbo ọjà ń sọ, pẹ̀lú èdè Fọ̀n àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Léontine ti ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó sáré lọ bá a.

"Àyìsátù, o kú ọjà o. Ìyá ńkọ́? Ṣé ara wọn ti le?"

Àyìsátù yíjú sí i. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí wọ́n ti ń ṣe sí àlejò.

"Bonjour, Léontine," ó fi Faransé kí i. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Léontine dúró síbẹ̀ títí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ipò tí ẹnìkejì yín gbà lónìí lè di tiyín lọ́la bí ẹ bá ṣiṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí owú bá mú yín ba ọkàn ẹni tó fẹ́ràn yín jẹ́, ó lè forí jì yín tán, kó má sì bá yín sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ láéláé.