Gọ́ọ̀sì Kẹwàá

Waheedat kà wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹ́sàn-án. Gọ́ọ̀sì mẹ́wàá, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀, ló kó jáde kí wọ́n tó la abẹ́ ikùn Bàbá Sàlàkọ́, àgbẹ̀ Òkákà tí ìpá ń dà láàmú. Ó sì kọ iye náà sára ògiri. Mẹ́sàn-án tó ti rin fún ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú abọ́.

"Gbé abẹ́rẹ́ àti òwú wá," Ládòkun, ọ̀gá wọn tó mú abẹ lọ́wọ́, wí.

"Ọ̀gá, ó ku ẹyọ kan nínú ikùn. Ìwé tí ẹ tà fún wa sọ pé a kì í rán ojú abẹ títí iye yóò fi pé."

"Ṣé ìwé ló máa dá sáfíkéètì ẹ padà fún ẹ ni?"

Oṣù keje rèé tí ìwé-ẹ̀rí girama akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ti wà nínú àpótí irin Ládòkun, tó ń tì wọ́n mọ́ àká tábà àtijọ́ kan l'Ísẹ́yìn, tó ń pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ abẹ. Nínú wọn, Sodiqat nìkan ló wà níta. Ládòkun rán an lọ ra oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora. Kó tó jáde, Waheedat ti fi ojú tọ́ka sí ògiri, ó tún fi ojú tọ́ka sí abọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ti ń rán an?" Bàbá Sàlàkọ́ béèrè lórí tábìlì.

"Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ẹ má mira."

Ọkọ̀ dúró níta. "Ọlọ́pàá. Ṣílẹ̀kùn."

Ládòkun sáré sídìí fèrèsé. Irin tó jó mọ́ ọn lóṣù tó kọjá, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan sá lọ, kò mì. Ó fa ìṣáná yọ, ó dúró ti àpótí.

"Fọhùn, kí n jó sáfíkéètì ẹ."

Waheedat di abẹ́rẹ́ náà mọ́wọ́. "Máa jó o." Ó gbóhùn sókè: "Àpò ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ jálẹ̀kùn."

Wọ́n já a. Sájẹ́ńtì Ọdẹ́wùmí gbá ìṣáná dànù, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ládòkun lọ́wọ́. Dókítà Dúróríkẹ́, tí Sodiqat lọ pè ní ọsibítù, lọ tààrà sídìí tábìlì.

"Níbo lo ti kọ́ṣẹ́ abẹ?" Ọdẹ́wùmí bi Ládòkun.

"Mo ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan."

"Iṣẹ́ wo?"

"Mò ń fọ aṣọ."

"Èèyàn mélòó lo ti là?"

"Mẹ́rin."

"Ṣé o ka gọ́ọ̀sì wọn?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń kà á."

Ọdẹ́wùmí fa ìwé jáde. "Dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Dókítà yọ nǹkan pupa kan jáde nínú ikùn Bàbá, ó jù ú sínú abọ́.

"Mẹ́wàá," Waheedat wí, ó sì gbé abẹ́rẹ́ mìíràn tó mọ́ fún un.

"Ṣé màá tún ro oko?" Bàbá Sàlàkọ́ béèrè.

"Ẹ máa ro ó, Bàbá," Dókítà dáhùn. " Àmọ́ ẹ gbàgbé ọkọ́ fún oṣù méjì."

Nígbà tí wọ́n rán an tán, Waheedat fọwọ́, ó nu iye ara ògiri kúrò, ó gba sáfíkéètì rẹ̀ lọ́wọ́ Ọdẹ́wùmí, ó sì jáde.