Ọ̀já Dúdú Etí Ṣòkòtò

Dalenda gbé abala rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ kan sórí òrùlé ilé wọn ní Djerba, erékùṣù kan ní Tùnísíà, kí oòrùn lè mú un rọ̀. Rọ́bà tútù máa ń ya lẹ́nu ọ̀bẹ. Èyí tó bá yá díẹ̀, ọ̀bẹ ìfín á máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí wọ́n ń gé ọṣẹ. Bàbá Khalfon, àgbà Júù kan tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ náà mú: ìdí rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́, àtàǹpàkò níwájú bí ìjánu. Òun náà ló kọ́ ọ pé òdì ni kó máa gbẹ́ lẹ́tà, nítorí bébà tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ ọn á yí i padà.

Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ló fẹ́ gbẹ́ sínú rọ́bà náà, kó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, fún ìdíje ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Lójoojúmọ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń fi àwọn ọmọ tí wọ́n ń wú jáde lábẹ́ ilé tó wó ní Gásà hàn. Mínísítà ogun Ísírẹ́lì tó ń fọwọ́ sí bọ́ǹbù náà ni Dalenda fẹ́ bú. Inú ń bí i, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ó yà á tán, àmọ́ ojú náà kò yàtọ̀ sí tèèyàn lásán. Ferjani, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Ta nìyí? Ẹ̀gbọ́n tíṣà ìṣirò wa ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mínísítà ni."

"Jẹ́ kó jọ Júù nígbà náà! Fi imú sí i, jàre."

Dalenda fi imú tó tẹ̀ bí ẹnu àṣá sí i. Ó sọ ìka rẹ̀ di èékánná àṣá, ó gbé gbogbo ayé lé e lọ́wọ́, ó so àpò owó mọ́ ọn nídìí. Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá bọ́ kóòtù mínísítà, ó wọ ọ́ ní ṣòkòtò tó ní ọ̀já dúdú létí, irú èyí tí àwọn àgbà Júù Djerba ń wọ̀ láti fi ṣọ̀fọ̀ tẹ́ḿpìlì wọn tó wó láyé àtijọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni Ferjani pàtẹ́wọ́. "Ta ni ò ní mọ̀ ọ́n báyìí!"

Dalenda gbẹ́ ẹ, ó tẹ ẹ̀dà mélòó kan. Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ọmọkùnrin kan ti lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn Bàbá Khalfon. Bàbá jáde láti já a, irú ṣòkòtò yẹn gan-an ló wọ̀. Àwọn ọmọ náà kígbe.

"Ẹ wò ó! Mínísítà ti dé!"

Ẹ̀rín bẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni òkò. Ọ̀kan bá a lójú ọ̀tún.

Nílé ìwòsàn, Màmá Ghzala, ìyàwó rẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí Dalenda nígbà tó kí i. Òwú bo ojú Bàbá.

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn. Àwọn tó ń ju bọ́ǹbù ni mò ń bú."

"Bú wọn! Ta ló ní kó o má bú wọn? Ṣé èmi ò ní tẹlifíṣọ̀n ni?" Ó tú àwòrán tó ti rún kan sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò bo ojú mínísítà tó wà nínú rẹ̀. "Ṣòkòtò ta nìyí?"

Dalenda wo ọ̀já dúdú tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́.

"Mínísítà yẹn ń wọ̀ ọ́?"

"Rárá."

"Ta ló ń wọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Imú yẹn ńkọ́? Wọ́n ti ń yà á kí wọ́n tó bí bàbá mi, tòun ti àpò owó yìí kan náà. Kì í ṣe torí ohun tẹ́nikẹ́ni ṣe. Wọ́n ń yà á kí wọ́n lè mọ ilé tí wọ́n máa sọ òkò lù ni."

Dókítà ní ojú náà kò ní ríran mọ́.

Dalenda já àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sọ fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ pé òun ló jẹ̀bi, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje. Ó tún sá rọ́bà mìíràn sóòrùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kó tó fa ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń bi ara rẹ̀ pé: ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ni, àbí ohun tí wọ́n bí i sí? Èyí tó bá jẹ́ ti ìbí, ó fi í sílẹ̀. Ó dá kóòtù padà sí i lọ́rùn. Ó fi gègé sí i lọ́wọ́. Tàdáwà gègé náà ṣàn kọjá etí tábìlì, ó di èéfín lórí ilé tó wó, bàtà ọmọdé kan sì yọ lábẹ́ bíríkì. Ó gbẹ́ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ lódìlódì: Ó FỌWỌ́ SÍ I. Ó yí tàdáwà lé e, ó tẹ́ bébà, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí igi ra á yíká díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣí i.

Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà. Àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wo ilẹ̀kùn aládùúgbò kankan.

Ó mú ẹ̀dà kan lọ fún Bàbá Khalfon. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú òsì.

"Ọwọ́ rẹ dúró dáadáa," ló wí. "Ẹni tó ṣẹ̀ nìyí. Èmi ò sí nínú èyí."

Kò ní òun dárí jì í. Ṣọ́ọ̀bù náà kò sì ṣí mọ́, nítorí ojú kan kò tó fín fàdákà. Ojú Bàbá ló lọ sí i kí Dalenda tó mọ̀ pé ìka tó bá ṣẹ̀ nìkan ni ọba ń gé: ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán bú aṣebi, kó ya iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó má ya ìran rẹ̀.