Ihò Tó Wà Láàárín Orin

Ìlù wà nínú orin náà. Dùùrù wà níbẹ̀, àwọn elégbè náà ń gbè lẹ́yìn. Obìnrin tó ń lé orin nìkan ni kò sí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n rọra gbé e kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, tí àwọn yòókù sì ń bá eré wọn lọ láìmọ̀.

Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà Rédíò tẹ́tí sí sípíkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò parí, ó sì mọ ohun tí òun ṣì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu ti gbà wọlé. Sípíkà rẹ̀ ní ẹnu méjì. Ńlá ni wúfà, òun ló ń sọ ohùn tó nípọn bí ìlù. Kékeré ni tuítà, òun ló ń sọ ohùn tó tinrín bí agogo. Áńpù ni ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ẹyọ kan ló sì sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹnu méjèèjì, bí ìyá tó pọn ìbejì pọ̀. Dókítà Rédíò fẹ́ kí ẹnu kọ̀ọ̀kan ní áńpù tirẹ̀. Nítorí náà ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe apínhùn, ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń dá orin dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ áńpù, tí yóò darí èyí tó nípọn síhìn-ín, èyí tó tinrín sọ́hùn-ún.

Ibi tí ohùn méjèèjì ti pàdé ni iṣẹ́ wà, àárín ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn obìnrin máa ń jókòó sí. Nínú irú apínhùn tó ṣe yìí, bí èèyàn bá so wáyà pupa mọ́ pupa, ẹnu kan yóò máa tì nígbà tí èkejì ń fà. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí ẹnìkan ń tì láti inú, tí ẹlòmíì ń tì láti ìta. Agbára àwọn méjèèjì pé, ilẹ̀kùn ò sì mì. Ihò ló kù níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kàn yí wáyà tuítà padà, pupa mọ́ dúdú, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó ti gbé irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà mọ́ra dé ìdí wáyà náà nígbà tó gbọ́ mímí kan nínú ihò náà. Lẹ́yìn mímí náà ni ohùn kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó gbé irin sílẹ̀.

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n sin lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin tó gba ohùn ìdajì àdúgbò sínú kásẹ́ẹ̀tì kò gba ti ìyàwó ara rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ohùn tí òun ń gbọ́ lójoojúmọ́, kí lòun fẹ́ fi pa mọ́ ṣe? Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń tú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ilé, bóyá yóò tilẹ̀ gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíì.

Kò yí wáyà náà padà mọ́.

Káfíńtà tó kan àpótí sípíkà náà wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbá àpótí náà lábàrá, ó rẹ́rìn-ín. "Dókítà, mo ti kan pósí tí ò nípọn tó báyìí. Ta lo fẹ́ tẹ́ sínú ẹ̀?" Nígbà tó béèrè ibi tí akọrin wọlé sí, Dókítà Rédíò ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bá a gbé. Aránṣọ ni, yàrá ẹ̀yìn ló ti ń rán tirẹ̀. Nígbà ayé ìyá rẹ̀, ẹni tó bá fi fóònù pe ilé kì í mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló gbé e.

Àwọn oníbàárà ọmọ yìí ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Wọ́n ní ó ti ń sọ̀rọ̀ sínú jù. Oníṣègùn tan iná wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ọmọ náà wá sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ń mi orí, ó ń retí kó jáde kí òun tún tan ẹ̀rọ.

Lójoojúmọ́ ni ohùn inú ihò ń mọ́ sí i. Bàbá a bi í bóyá ibẹ̀ tutù. Ohùn náà kì í dáhùn ohun tó bi í. Á ní ọbẹ̀ ti gbóná. Á ní orí àga lẹ tún sùn lánàá. Dókítà Rédíò a sunkún, á máa sọ fún ara rẹ̀ pé òkú ọ̀run ń rí ohun gbogbo. Nígbà tó yá, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó dá òun lóhùn.

"Mò ń gbọ́ ẹ," á wí, á gbá àpótí náà mọ́ra. "Mo wà níbí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn náà ní, "Ẹ bojú wẹ̀yìn."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Inú àpótí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń pè yín."

Ìyàwó rẹ̀ kò fìgbà kan sí níbẹ̀. Ọmọ tó kù sí i lọ́wọ́ ni ihò náà ń fà mu, díẹ̀ díẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí ihò náà dí.

Ó sáré gbé irin, ó yọ wáyà, ó yí i padà, pupa mọ́ dúdú, bí iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ. Akọrin padà sórí ìjókòó rẹ̀. Orin kún yàrá, ó mọ́ gaara, ó dùn ju gbogbo orin tó ti gbọ́ rí lọ. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ẹnu ọmọ ń mì, kò sí ìró kankan, kì í ṣe lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe nínú àpótí.

Ó tú wáyà náà, ó sì dá a padà bó ṣe wà. Ihò yà. Ó tẹ́tí títí. Mímí pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà gbé àwo sílẹ̀. Ó mú ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e lé ọ̀fun ara rẹ̀. Ọ̀fun náà ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀fun ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ ó mọ ohun tó ń wí. Ní irú àkókò yìí lọ́sàn-án, ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi í.

Kò tíì jẹun.