Ẹni Tó Ń Lọ Ẹ̀rìn Kì í Gba Mákùn

Orúkọ ìlú kan ṣoṣo ló ba ìrìnàjò náà jẹ́ mọ́ Hidayah lọ́wọ́. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì ni òun àti Tẹniọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n gbé fóònù Tẹniọlá sáàárín, wọ́n ń gbọ́ ohùn tí Súnkànmí fi ránṣẹ́.

"Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, màá wá fi mọ́tò gbé yín ní Àgọ́-Ìwòyè. A máa sùn lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Mákùn-Omi. Tílẹ̀ bá mọ́, ó di Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà."

Tẹniọlá pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Hidayah wà lórí itan rẹ̀, kò gbé e.

Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń lálàá àtirí omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè gíga, tí àwọn èèyàn ń dúró sábẹ́ rẹ̀ ya fọ́tò. Ọdún karùn-ún ni wọ́n wà nílé ìwé girama ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìdánwò ìparí ọdún sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Orí fóònù ni Tẹniọlá ti pàdé Súnkànmí, ó ní yunifásítì ni òun wà. Kò sí èyí tó rí i lójúkojú rí nínú wọn. Fọ́tò rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ jígí dúdú, tí eyín rẹ̀ funfun báláú. Eyín funfun kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìwà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Tẹniọlá?

Súnkànmí yìí kan náà ló kọ́ wọn ní irọ́ tí wọn yóò pa nílé. Tẹniọlá yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé ilé Hidayah ni òun ń lọ sùn kí àwọn lè jọ kàwé. Hidayah yóò ní ilé Tẹniọlá ni òun ń lọ. Hidayah ti pa tirẹ̀ ní àná, ó sì dùn ún pé ìyá òun gbà á gbọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mákùn-Omi ni wọ́n bí ìyá yẹn sí. Gbogbo ọdún Iléyá ni Hidayah máa ń bá a lọ síbẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà náà bí ẹní mọ ẹ̀yìn ilé wọn.

"Tẹni," ó ní, "ẹni tó ń lọ Ẹ̀rìn kì í gba Mákùn. Ẹ̀yìn Ìbàdàn lọ́hùn-ún ni Ẹ̀rìn wà, lórí òkè. Ìsàlẹ̀ ni Mákùn, létí ọ̀sà. Ọ̀nà wọn ò pàdé."

Tẹniọlá ní bóyá Súnkànmí fẹ́ kọ́kọ́ lọ kí àǹtí rẹ̀ ni. Ó ní ìfura Hidayah ti pọ̀ jù, pé bí wọ́n bá fún un ní omi mu, yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi han dókítà. Hidayah fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Ohun mìíràn ti sọ sí i lọ́kàn.

"Mọ́mì ẹ rò pé ilé wa lo wà. Ìyá mi rò pé ilé yín ni mo wà. Tá ò bá padà wálé, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti sọnù?"

 Tẹniọlá mú fóònù rẹ̀, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó sì dìde.

Ní ìrọ̀lẹ́, Hidayah pe Súnkànmí fúnra rẹ̀. Ó kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun, Mùtàlíbù, ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Mákùn-Omi, àti pé òun fẹ́ mọ ilé tí àǹtí rẹ̀ ń gbé kí ẹ̀gbọ́n náà lè wá kí wọn.  Ohùn Súnkànmí le lójijì.

"Ta lo ti sọ fún?"

Hidayah ò béèrè èyí. Ilé àǹtí ló béèrè. Kí ó tó ráyè dáhùn, Súnkànmí ti yí i padà, ó ní kì í ṣe Mákùn mọ́, Ìwópìn ni, ó sì pa fóònù. Ìwópìn náà, etí ọ̀sà ni. 

Ní ọjọ́ kejì, Tẹniọlá ò kí i. Súnkànmí ti sọ fún un pé ìlara ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà, kí ó máa bọ̀ ní òun nìkan. Nígbà tó sì di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, Hidayah rí i tó ń kọjá níwájú ilé wọn pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ ewé rẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Hidayah dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ wọn bàjẹ́ nìyẹn, irọ́ tirẹ̀ náà yóò sì hàn síta. Bí ó bá dákẹ́, ó ti mọ ohun tí ìdákẹ́ yẹn lè mú wá. Ó sáré lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Ìyáàfin Adépéjú, ìyá Tẹniọlá, ti ń ṣe olùkọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, títí kan irọ́ tirẹ̀.

Ìyá náà ò bá a wí. Ọ̀kadà ló dá dúró, àwọn méjèèjì gùn ún, wọ́n forí lé Àgọ́-Ìwòyè.

Wọ́n bá Tẹniọlá létí títì. Ó ti gbé báàgì sínú mọ́tò kan tí gíláàsì rẹ̀ dúdú, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Àgbà ọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó jọ ti fọ́tò. Ìyá rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó yíjú padà, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mọ́tò náà ò dúró ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ sójú títì bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ló gbà, ọ̀nà ìsàlẹ̀, pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀.

Wọ́n fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Nọ́ńbà Súnkànmí ò lọ mọ́. Ìyá Hidayah gba fóònù ọmọ rẹ̀, ó ní irọ́ tó kó wọn dé bèbè yìí dun òun ju ìrìnàjò náà lọ. Hidayah sunkún, kò sì jiyàn.

Tẹniọlá ò yọjú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Hidayah rò pé inú ló ń bí i, àṣé ojú ló ń tì í. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé wá, ó jókòó tì í lórí ẹní.

"Báàgì mi nìkan ló lọ," ó ní. "Èmi ni ì bá lọ."

Hidayah di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀.

Ìyáàfin Adépéjú ló mú wọn lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níkẹyìn, kí ìsinmi tó parí. Kí wọ́n tó lọ, Tẹniọlá fúnra rẹ̀ ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, àti ilé tí wọn yóò sùn. Ó sọ fún alákàrà ìsàlẹ̀ àdúgbò pàápàá, ẹni tí kò béèrè.

Àwọn èèyàn máa ń ní ìfura loògùn àgbà. Ọmọdé náà lè lò ó, kò sì ní pa á lára. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rántí pé ìfura tí a gbé sínú tí a ò sọ jáde kì í gba ẹnikẹ́ni là. Ìrìnàjò tí ẹni tó lè wá wa kò gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀, ìrìnàjò kọ́. Sísọnù ni.