Igi Ìwọ́ Ta Weh

"Ìwọ ṣáà nawọ́ sí igi náà, ó tán!" Ler Moo, ará abúlé wa tó ń mú àlejò kiri igbó, ń jẹ ìrèké bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. "Àwọn àlejò mi kàn fẹ́ wo àtíòro ni. Tí wọ́n bá wò ó tán, wọ́n á gbé ẹ dé ìlú Chiang Mai, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Ẹni tó fẹ́ wo ẹyẹ ló gbé ìbọn dání?" Ku Paw bi í.

"Nítorí ẹkùn nìyẹn. Ojo! Jókòó ti Ìyá àgbà ẹ títí irun ẹ á fi funfun."

Láti ìgbà tí Ta Weh, ẹ̀gbọ́n Ku Paw ọkùnrin, ti lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà nílùú, àárò kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ta Weh ló máa ń pọ̀n ọ́n sọdá odò nígbà òjò. Ó rò ó, ó tún un rò, ó mú Ler Moo àtàwọn àlejò rẹ̀ wọ igbó, ó sì nawọ́ sí igi tí àtíòro wà.

Igi ìwọ́ Ta Weh ni. Lọ́dọ̀ àwa ẹ̀yà Karen, lórí òkè ilẹ̀ Thailand, tí a bá bímọ, bàbá á fi ìwọ́ ọmọ sínú ọparun, á so ó mọ́ igi nínú igbó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àáké kan igi náà, torí ẹ̀mí ọmọ wà níbẹ̀. Nígbà tí òkè wa di igbó ìjọba, tí àwọn aláṣẹ fẹ́ lé wa kúrò, bàbá àgbà Ku Paw mú wọn láti ìdí igi dé ìdí igi. "Èmi nìyí. Ìyàwó mi nìyẹn. Èwo nínú wa lẹ fẹ́ kó fi igbó sílẹ̀ fún yín?" Àwọn aláṣẹ padà sílé, wọn ò lé wa mọ́.

Lọ́dún tí Ler Moo mú àlejò wá yìí, abo àtíòro kan wọ ihò ara igi Ta Weh, ó fi ẹrẹ̀ dí ara rẹ̀ mọ́bẹ̀ pẹ̀lú ẹyin, ó ku àlàfo tóóró tí akọ fi ń bọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kejì, Ku Paw bá òkú akọ nílẹ̀, wọ́n ti gé orí rẹ̀ lọ torí owó ńlá tí wọ́n ń tà á. Ler Moo àtàwọn àlejò rẹ̀ ti wábi gbà. Nínú igi, abo ń fi ẹnu kan ẹrẹ̀.

Ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó jẹ́wọ́.

"O mú oníbọn lọ sídìí igi ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá àgbà. Mo fẹ́ rí i ni."

"Èmi ò fẹ́ rí i? Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ojú ọ̀nà. Ta ni mo tìtorí ẹ̀ tà?" Ohùn ìyá àgbà rọ̀. "Ẹyin lohùn, èyí tó fọ́ ti fọ́. Abo yẹn ńkọ́? Ta ni yóò máa bọ́ ọ?"

Ku Paw lọ sọ gbogbo rẹ̀ fáwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Láràárọ̀, kó tó lọ sílé ìwé, ó ń fi ọparun gígùn na èso ọ̀pọ̀tọ́ sí ẹnu ihò. Abo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ebi ló jẹ́ kó gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín: "Ọkọ àtíòro, ṣé ìyàwó ẹ ti jẹun?"

Nígbà tó yá, abo fọ́ ẹrẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó bà lé ẹ̀ka, ó ń ké, ó ń dákẹ́ díẹ̀ láti gbọ́ èsì, ó tún ń ké. Igbó dákẹ́ lọ gbáà. Ku Paw bú sẹ́kún, torí ó mọ igbe náà: igbe àárò ni. Ta Weh lè wọlé lọ́la. Akọ yẹn kò ní í dé mọ́ láé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àárò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí àárò ń pa kò gbọ́dọ̀ fi í kó bá ẹlòmíràn.