Ẹni Tó Ń Bá Wajdi Kọ́lé

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá pè é ní irọ́, kó wá jókòó sí àga mi, kó fi ẹ̀rọ bo etí láti àárọ̀ dalẹ́, kó sì máa jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kó padà wá pè mí ní òpùrọ́.

Dorsaf ni mí. Mo kàwé gboyè lórí ìmọ̀ ilẹ̀ àti omi. Nígbà tí mo ṣetán, mo dúró níwájú ọ́fíìsì gómìnà pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tí kò ríṣẹ́. A pariwo títí àwọn ọlọ́pàá fi yin tajútajú sí wa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìlú Tunis rí fún mi lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni kí n jókòó sídìí tábìlì, kí n máa dá àwọn ará Faransé lóhùn lórí fóònù nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn bá bàjẹ́.

Ilé iṣẹ́ náà lófin. Ará Faransé kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ará Tunisia ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Torí náà, lọ́jọ́ tí a débẹ̀, wọ́n fún oníkálukú wa lórúkọ. Wọ́n fún mi ní Sylvie. "Sylvie ni mí, kí ni mo lè ṣe fún yín?" Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìpè nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín nínú ohùn. A ò gbọdọ̀ pe ara wa ní orúkọ gidi nínú yàrá yẹn, àní nígbà ìsinmi pàápàá, kí ahọ́n má baà ṣì. Orí àtẹ̀gùn nìkan, níbi tí àwọn tó ń mu sìgá máa ń sá sí, ni mo ti ń jẹ́ Dorsaf.

"Sylvie, ọmọ Paris tó ń fi ata jẹ búrẹ́dì!" Bí Zouhaier ṣe máa ń kí mi níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó. Bernard ni wọ́n fún òun.

"Bernard, baba ẹ ò gbọ́ Faransé, ìwọ náà ò gbọ́ ọ."

"Ẹnu ẹ yìí ni wọn ò fi fún ẹ níṣẹ́ ìjọba."

A ó rẹ́rìn-ín, a ó sì padà sínú.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, Wajdi. Palermo ló wà, ní ilẹ̀ Ítálì. Ọkọ̀ ojú omi ló bá lọ, kò níwèé. Ilé wa ní ìlú wa, Redeyef, la tà kó tó lè lọ. Lọ́jọ́ tó lọ, Ìyá dì mí lọ́wọ́ mú, kò sunkún. "Má jẹ́ kó dá wà," ló wí. Mo ní n kò ní jẹ́ kó dá wà.

Géèmù la fi ń mú ìlérí yẹn ṣẹ. Géèmù ilé kíkọ́ ni, lórí kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, òkúta wà, igi wà. Ẹni méjì tí òkun là láàárín lè pàdé níbẹ̀ kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé tí a tà ni èmi àti Wajdi ń kọ́ padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, òkúta lé òkúta. Kànga ti wà. Ògiri tí Bàbá kùn ní búlúù kó tó kú ti wà. Ó ku yàrá Ìyá, a sì ti fẹnu kò pé yóò parí kí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé. Wajdi ń gbé láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí kò bá sí géèmù yẹn, kò sẹ́ni tí yóò pè é lórúkọ títí ilẹ̀ ó fi ṣú.

N kò mọ ọjọ́ tí ìfẹ́ géèmù náà kúrò lára mi. Mo délé ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo jókòó. Àga. Tábìlì. Ìmọ́lẹ̀ funfun ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ etí lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ náà kò gbéra. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí. Ó dà bí ìgbà téèyàn wọ yàrá tó sì rí i pé ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ti kó ẹrù rẹ̀ jáde láìdágbére. Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo ṣì jókòó síwájú rẹ̀.

Mo pe Wajdi. "Jọ̀ọ́, ó di ọ̀la."

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lánàá."

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Ṣebí ẹ jókòó ni!" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán. "Kò burú. Ẹ ó bá mi nídìí kànga."

Ó dúró nídìí kànga. N kò lọ.

Ààwẹ̀ wọlé. Àwọn oníbàárà wa kì í gbààwẹ̀, torí náà Mádáàmù Besma, ọ̀gá wa, fi wá sí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Bí ládàánì bá pèrun, orí àga la ti ń ṣínu, dàbínù kan pẹ̀lú omi, ẹ̀rọ sì wà létí. "Ẹ rọra jẹ ẹ́," ni Mádáàmù máa ń wí. "Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ìró ẹnu yín." Àgbàlagbà ń bi mí nípa ẹ̀rọ ìfọṣọ nígbà tí dàbínù wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Inú bí mi débi pé dídùn rẹ̀ korò.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni Wajdi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o. Látìgbà tí mo ti dé ibí, mi ò tíì rẹ́rìn-ín bíi tàná. Ẹ tún wá lónìí, ká jọ ṣínu."

Mo rò pé ó ń bú mi ni. Mo dá a lóhùn pé kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ láti inú géèmù.

Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan dúró ní apá òsì kànga. Wọ́n so okùn mọ́ ẹ̀ka rẹ̀.

Wọ́n ti gé igi yẹn kí Wajdi tó mọ ìrìn. Kò sí fọ́tò rẹ̀ níbì kankan. Okùn yẹn, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo so ó nígbà tí mo kéré, mo fi ń fò, mo já bọ́, mo sì fi ọgbẹ́ náà pa mọ́ fún Ìyá. N kò sọ fún ẹ̀dá kankan rí.

Mo rò pé olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà mi. Mo yí páásìwọ́ọ̀dù géèmù náà padà. Lọ́jọ́ kejì mo pe Wajdi láti sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ọ́ fún mi."

"Kí ni mo sọ?"

"Pé ẹnì kan fẹ́ máa fi orúkọ yín wọlé. Ẹ ní bó bá bá mi sọ̀rọ̀, kí n má dá a lóhùn."

Mo sọ fún Zouhaier lórí àtẹ̀gùn. Mo ń retí kó fi mí rẹ́rìn-ín. Sìgá tí kò tíì tàn wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń dúró de ládàánì. Ó yọ ọ́.

"Bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ni tèmi," ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti pa á tì. Kò wù mí mọ́. Ìyàwó mi sọ láàárọ̀ yìí pé kí n dín ariwo kù bí mo bá ń gbá a, pé ọmọ kò sùn dáadáa lánàá."

"Kí ló dé tí o ń pariwo?"

"Dorsaf, ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo jókòó sí lánàá."

Nígbà tí mo tún rí i lórí àtẹ̀gùn, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo pè é. "Zouhaier." Kò mira. Mo tún pè é, mo gbóhùn sókè. Kò mira. Mo rọra ní, "Bernard."

Ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo tọrọ àyè nígbà ìṣínu, mo jáde lọ sórí àtẹ̀gùn lémi nìkan. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Kò sí èèyàn kan ní gbogbo òpópónà. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ kò rìn. Ológbò méjì. Láti inú àwọn ilé, mo ń gbọ́ ṣíbí nínú abọ́. Mo pe Wajdi.

"Ẹ̀gbọ́n?" Ó rú u lójú. "Kí lẹ tún ń fi fóònù ṣe? Ṣebí a jọ wà níbí."

"Wajdi, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin. Ẹ̀yin ni."

"Gbé fóònù sún mọ́ kọ̀ǹpútà."

Mo gbọ́ ọ. Òkúta lé òkúta. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín mi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, mo sì dá a mọ̀ bí èèyàn ṣe ń dá aṣọ ara rẹ̀ mọ̀ lọ́rùn ẹlòmíràn. Ó ń sọ nípa ọjọ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Bàbá jẹ fìlà Lémọ́ọ̀mù. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ ọ́ ju bí èmi ṣe lè sọ ọ́ mọ́. Lójijì ó dá ìtàn náà dúró, ó béèrè.

"Wajdi, ta ló wà lórí fóònù?"

"Ẹ̀gbọ́n... ohùn yín ni."

"Bi í pé kí lorúkọ ẹ̀."

Mo ń gbọ́ èémí Wajdi. "Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "kí lorúkọ yín?"

Mo la ẹnu. Dorsaf ni mo fẹ́ wí. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ohun tó jáde mọ́, ó dùn, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

"Sylvie ni mí, kí ni mo lè ṣe fún yín?"

Àbúrò mi bá mi sọ̀rọ̀ ní ohùn tó ń lò fún ọlọ́pàá.

"Ẹ má bínú, mádáàmù. Ẹ má pe nọ́ńbà yìí mọ́."

Mo sáré. "Sylvie!" Mádáàmù Besma ké tẹ̀ lé mi láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ mi dúró, bíi pé èmi gan-an ló pè. Tipátipá ni mo fi gbé e. Mo sáré gba òpópónà tó dá páropáro kọjá, títí mo fi dé ilé mi. Èmi nìkan ni mò ń gbé ibẹ̀. Iná ń tàn lójú fèrèsé mi.

Mo gun òkè. Òórùn ọbẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, irú èyí tí Ìyá máa ń fi ewé míńtì sí. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò wọlé. Òmíràn ti wà níbẹ̀ láti inú. Mo kanlẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

Mo ń wá orúkọ mi. Láti inú ẹ̀rọ, mo gbọ́ ohùn Wajdi, ó tín-ín-rín, ó jìnnà: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?"

"Kò sẹ́ni kan," ohùn mi dá a lóhùn. "Ẹni tó ṣì ilé ni."

Kọ́kọ́rọ́ yí. Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, Ìyá pè mí. "Dorsaf, Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ọ. Wajdi fi yàrá mi hàn mí. Ọmọ náà ti sanra! Ó ní o kì í fi òun sílẹ̀."

"Àmín, Ìyá."

"Ohùn ẹ yàtọ̀."

"Òtútù ni, Ìyá." N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń bẹ̀rù ẹnu mi.

Ìlérí mi kò yẹ̀. Wajdi kò dá wà.

Ẹ má bi mí níbi tí èmi ń sùn. Bí iṣẹ́ bá ti yá, mo wà lórí àga. Nígbà ìsinmi mo ṣì máa ń lọ sórí àtẹ̀gùn. Bernard máa ń wà níbẹ̀. A jọ máa ń wo àwọn ilé tó wà ní òdìkejì, bí iná ṣe ń tàn ní fèrèsé kan tẹ̀ lé òmíràn, a ó sì máa tẹ́tí sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, bóyá a ó gbọ́ ohùn tí a mọ̀.