Òrìṣà Tó Tẹríba fún Òkú Lídò

Ìtẹ́ náà ṣófo. Aṣọ funfun tí wọ́n fi bo òrìṣà ti wà nílẹ̀. Àwọn awọ ewúrẹ́ tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí ìtẹ́ kò kúrò níbẹ̀. Ère òrìṣà kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́ nìkan ni kò sí.

Ámíà ìyálóòrìṣà ló ké.

"Wọ́n ti gbé Ìyá lọ o!"

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ìyá Àwọn Òrìṣà ní Piréọ́sì, ìlú èbúté Áténì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú Lídò, àgbà atukọ̀, dé ni. Ẹnu ọ̀nà ọgbà ni wọ́n dúró sí. Ẹni tó bá ti ibi òkú bọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé tọ òrìṣà lọ títí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Igbe nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Nikáso, tó ṣe ìyálóòrìṣà lọ́dún tó kọjá, ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Àwọn wo ló gbé e? Gbogbo wa la wà nídìí sàárè. Ìwọ nìkan lo wà nílé. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

Ámíà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti tilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà náà ló sì sùn sí. Ìyálóòrìṣà kì í lọ síbi òkú.

"Ẹ lé e!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rù tó ba Ámíà nígbà yẹn ju ẹ̀rù ìtìjú lọ. Wọ́n kó o lẹ́rú wá láti ilẹ̀ Fírígíà, ìgbà tó dàgbà ló tó gba òmìnira. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ẹgbẹ́ ni ẹbí rẹ̀, ẹgbẹ́ ló sì máa ń sin òkú ọmọ ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá lé e, bó bá kú, ajá ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Mósíkò gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn dákẹ́, torí àgbà ẹgbẹ́ ni.

"Ẹ má tíì lé e. Ẹ jẹ́ ká wádìí. Bítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti erékùṣù Égínà dé ni, kò débi òkú. Ọwọ́ tiẹ̀ mọ́. Òun ni kó wọlé."

Bítì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ará ilẹ̀ Tírésì ni, ẹrù ló máa ń já nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tó dé ìlú yìí, kò mọ ẹnikẹ́ni. Mósíkò ló gbà á sílé, ló fún un lóúnjẹ, ló dìde níwájú ẹgbẹ́, tó búra pé ọmọ dáadáa ni kí wọ́n tó gbà á wọlé. Bítì kì í gbàgbé nǹkan. Ẹni tó ṣe é lóore, ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ṣe é níkà, ó mọ̀ ọ́n dọ́jọ́ ikú.

Mósíkò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò mi, má da ara ẹ láàmú. Wọlé, ká gbogbo awọ orí ìtẹ́ yẹn jọ, kó o kó wọn jáde ká sun wọ́n. Olè ti fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ti di ẹ̀gbin. Lẹ́yìn náà kó o sọ fún wọn pé o ò rí nǹkan kan."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mọ̀ pé mi ò ní rí nǹkan kan, kí n tó wọlé rárá?"

"Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀?" Mósíkò rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. "Ṣáà kó awọ yẹn wá fún mi."

Bítì kò wọlé lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó ti Ámíà lórí àtẹ̀gùn.

"Ìyá, ta ló wọlé lánàá kí ẹ tó tilẹ̀kùn?"

"Nikáso ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wá fi aṣọ bo Ìyá lójú kó má baà rí òkú Lídò tí wọ́n máa gbé kọjá. Ó bò ó tán, mo rí i. Lẹ́yìn náà ni Símò alápatà gbé awọ tuntun kan wá, ó sì jáde lọ́wọ́ òfìfo. Mósíkò ló gbé òróró fìtílà wọlé gbẹ̀yìn."

"Ṣé ẹ̀yin náà wà nínú ilé nígbà yẹn?"

"Àwọn obìnrin tó ń sunkún Lídò ti kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn ni mo ń rẹ̀ lẹ́kún."

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ṣé ẹ wo Ìyá?"

"Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀ láti wo fìtílà. Ó ti fẹ́ kú. Ìkòkò ńlá ni Mósíkò gbé wá, òróró tó bù síbẹ̀ kò sì tó jó mọ́jú. Ìyá jókòó lábẹ́ aṣọ rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tó di ọ̀sán mo tún yọjú. Bítì, mo rí i tó tẹríba. Orí rẹ̀ ti wá sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Mo ní ó ń dárò Lídò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn ni, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

Bítì kò rẹ́rìn-ín.

Ó lọ bá Nikáso lábẹ́ igi ólífì.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ ò fẹ́ràn Ámíà."

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ lóòótọ́! Èmi náà ṣe iṣẹ́ yẹn, ta ló dé mi ládé? Lọ́jọ́ ọdún ni wọ́n fẹ́ fi ewé ólífì dé tiẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sára òkúta. Àmọ́ kí n jí Ìyá? Ọwọ́ tí mo fi wẹ̀ ẹ́ lọ́dún gbáko?" Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bínú pé ó bọ́. "Kúrò níwájú mi, ọmọ Tírésì."

Símò alápatà ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Ìwọ àti Ámíà jà lórí ẹran," ni Bítì wí.

"Ó ní mo gé itan òrìṣà kéré. Irọ́ ni. Tí mo bá fẹ́ jalè, ẹran ni mo máa jí, mi ò ní jí igi. Ṣé wọ́n ń jẹ igi ni?"

"Àwọn awọ tó ò ń kó wá, báwo lo ṣe ń bó wọn?"

"Báwo la ṣe ń bó awọ? Mo la ikùn, mo tẹ́ ẹ gbalaja bí ẹní. Ọlọ́tí ló máa ń bọ́ tiẹ̀ lódindi láti ọrùn, bí ẹni bọ́ ṣòkòtò lẹ́sẹ̀ ọmọ. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan."

Bítì fi omi ẹnu ọ̀nà wẹ ọwọ́, ó wọlé.

Èèrà ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n tò gùn lára ẹsẹ̀ ìtẹ́, wọ́n ń gòkè. Ó gbé awọ tó wà lókè pátápátá. Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni, ó pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n wọn ò la ikùn rẹ̀. Wọ́n ti so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì fún dáadáa. Ibi ọrùn yẹn ni èèrà ń rọ́ lọ.

Ó fi ìka kàn án, ó fi sẹ́nu.

Ó mọ adùn náà. Omi àjàrà tí wọ́n sè títí ó fi ki bí oyin, tí wọ́n ju ewé mírítù olóòórùn dídùn sí. Ilé kan ṣoṣo ló ti ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì ọkà báálì láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ìtẹ́ òfìfo náà. Ó tún tọ́ ọ wò, bóyá ó ṣì í. Kò ṣì í.

Ó pẹ́ kó tó jáde.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti jókòó sí ọgbà. Mósíkò ti dáná sílẹ̀.

"O ṣeun, àbúrò. Kó wọn síná."

"Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín ná."

Bítì mú awọ ọmọ ewúrẹ́ náà, ó fi ẹnu sí ọrùn rẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Awọ náà wú, ó sì dúró. Ó fi okùn so ó bó ṣe bá a, ó gbé e sórí àpótí, ó ju aṣọ funfun bò ó. Ariwo sọ. Lójú gbogbo wọn, Ìyá ló jókòó níbẹ̀ lábẹ́ ìbòrí rẹ̀.

"Ẹ má wí nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Wọ́n wò ó. Díẹ̀díẹ̀, orí abẹ́ aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀.

"Ó ń tẹríba," ni Nikáso wí jẹ́jẹ́.

"Ohun tí Ìyá Ámíà rí nìyẹn. Kì í ṣe òní ni wọ́n jí òrìṣà, lánàá ni, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ ló jókòó lórí ìtẹ́ mọ́jú. Símò, wá tọ́ ọrùn awọ yìí wò."

Símò tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí padà. "Omi àjàrà tí Mósíkò ń tà nìyí."

"Gbogbo Piréọ́sì ló ń rà á lọ́wọ́ mi!" ni Mósíkò wí.

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta péré ló wọlé lánàá. Nikáso bo òrìṣà, aṣọ nìkan ló mú dání. Símò gbé awọ kan wọlé, ó jáde lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbé ìkòkò ńlá wọlé tí òróró inú rẹ̀ kò tó fìtílà kan, ẹ sì tún gbé e jáde. Kí ló wà nínú rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń jáde? Ta ló sì ní kí n kó awọ wá sínú iná láìwò ó?"

Mósíkò wo iná. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Ó wà nínú àmù omi àjàrà tó wà ní ilé ìdáná mi," ló wí. "Mi ò fọ́ ọ. Mi ò tà á."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ta ló ń ra òróró fìtílà yẹn látọjọ́ yìí? Ta ló bẹ àwọn ará Áténì títí wọ́n fi fún wa nílẹ̀ tẹ́ ẹ jókòó lé yìí? Èmi! Ẹ dìbò, ẹ ní Ámíà lẹ máa dé ládé. Ẹrú àná! Mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ ọdún pé Ìyá yọ sí mi lójú àlá, ó fi ibi tó wà hàn mí. Ẹ̀ bá gbẹ́ orúkọ mi sára òkúta."

"Ámíà ńkọ́? Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa lé e."

"Ǹ bá bá a bẹ̀bẹ̀ tó bá yá."

Bítì sún mọ́ ọn.

"Èmi ńkọ́? Kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ yàn?"

Mósíkò gbé ojú sókè, ó sì sọ òtítọ́, èyí tó burú ju irọ́ lọ. "Mo rò pé o ò lè bi mí ní ìbéèrè. O ò bi mí ní ìbéèrè rí."

Wọ́n dìbò bóyá kí Mósíkò dúró nínú ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ fún un. Nikáso kò dúró de ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́, òun ló lọ gbé Ìyá jáde nínú àmù, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú òrìṣà. Ó gbé e dé iwájú Ámíà, ó kúnlẹ̀.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí wọ́n bá lé ẹnìkan, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ mú wọ ẹgbẹ́ ni yóò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bítì sìn ín. Mósíkò yíjú padà níbẹ̀, ó na ọwọ́. Bítì fà sẹ́yìn.

"Mi ò lọ́mọ, Bítì. Ta ni yóò sin mí?"

"Lọ bi òrìṣà tó o rì sínú àmù."

Bítì kó àpò rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Oòrùn ń wọ̀, ebi ń pa á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e gba àdúgbò àwọn amọ̀kòkò, ó yà sí ọ̀tún, ó gun àtẹ̀gùn, ó ti gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn kó tó mọ̀ pé ilé Mósíkò ló dúró sí. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Nínú gbogbo Piréọ́sì, kò tíì kan ilẹ̀kùn mìíràn rí.